Ohùn Bàbá Télọ̀ Lórí Fóònù

Ẹni tó bá ní òun mọ ariwo, tí kò sì tíì gbọ́ bí Gbohùngbohùn ṣe ń pèrò ní ibùdókọ̀, kò tíì mọ nǹkan kan. Tí ọkùnrin náà bá la ẹnu báyìí, ẹni tó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lánàá á sáré padà wá wọlé, á jókòó, á gbé ẹrù lé itan, kó tó rántí pé òun ò níbi í lọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gbé òkú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, òkú gbọ́ ọ, ó dìde jókòó, ó ní kí wọ́n fi àyè ẹgbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún òun. Ó ṣeé ṣe kí àsọdùn díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n pé ó lè sín gbogbo ohùn ayé jẹ, kò sí àsọdùn níbẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ṣe é. Ó sín ọ̀gá ilé-ìwé wọn jẹ lẹ́yìn fèrèsé, ó ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé, wọ́n sì lọ. Àwọn olùkọ́ náà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Gbohùngbohùn, ibẹ̀ náà sì ni ìwé tirẹ̀ parí sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ẹnu tó ń jí ìlú ti gbẹ bí ìdí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀, ó di ara ilẹ̀kùn mú bí ẹni pé tí òun bá fi sílẹ̀ ilé á wó, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni. Ọ̀gá ilé-ìwé ni lọ́hùn-ún, irú èyí tí ẹgbẹ̀rún ọmọ máa ń dákẹ́ fún kó tó wúkọ́. Kò tíì jókòó, kò tíì mu omi. Ó wọlé, ó rí bàbá wọn lórí ibùsùn, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi fóònù pe áńbúláǹsì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rántí kí àwọn ará ilé.

"Wọ́n ti ń bọ̀," ni Àǹtí wí. Ó ń tú àpótí rẹ̀, àpótí kan tó tóbi débi pé ìdílé kan lè gbé ibẹ̀ kí wọ́n sì gba ayálégbé kún un. "Nílé ìwòsàn, wọ́n á ki rọ́bà sí i nímú, oúnjẹ á máa gba ibẹ̀ lọ sínú. Ẹ̀yin jókòó síbí, ẹ ń wo bàbá mi bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n."

Bàbá tí wọ́n ń wí, ó gbọ́ ni o, kò gbọ́ ni o, kò sí ẹni tó mọ̀. Ìdajì ìlú ló ti wọ aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ rán, ìdajì kejì sì ń jowú wọn. Àrùn tó ń jẹ iyè ló ń bá a fínra. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kó o lọ: ó kọ́kọ́ kó orúkọ àwọn oníbàárà, ó kó ọ̀nà ilé, ó kó àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ó kó ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ nìkan ló ṣẹ́kù. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka ìfábẹ̀lá wà létí aṣọ ibùsùn láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń gún un, ó ń fà á yọ, abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀, òwú kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, á wá etí rẹ̀ kàn, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí òwú bá wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni, èyí tó ti lò á tó fi so òṣùpá mọ́ igi ẹ̀yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n láti ijẹta, ọwọ́ náà ti dúró. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ náà dẹ́kun iṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ṣíbí fún un lómi, ọ̀nà ibòmíràn lomi ń gbà, á máa há a, ojú rẹ̀ á pọ́n.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá láràárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, obìnrin kúkurú kan tí bàtà rẹ̀ kì í dún. Òun àti ìyàwó Gbohùngbohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yí Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ òsì ni, wọ́n fi ìrọ̀rí há a láàárín orúnkún kí egungun má baà fi egungun ṣe ọ̀bẹ.

"Mà á," ni nọ́ọ̀sì wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé a fi oúnjẹ dù ú. Ara rẹ̀ ló ń palẹ̀ mọ́. Ara tó bá ń palẹ̀ mọ́ kì í bèèrè oúnjẹ mọ́. Bí a bá ti í wọlé tipátipá, inú á wú, ẹ̀dọ̀fóró á kún fún omi. Rọ́bà yẹn kò lè dá ohun tó ń lọ dúró. Yóò kàn mú kí ó nira ni."

"Ó ń palẹ̀ mọ́." Àǹtí tún un sọ bí ẹni tó tọ́ nǹkan kíkorò wò. "Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ ló bá mi jiyàn lórí bàtà lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá?"

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. "Bàbá yìí?"

"Bàbá tèmi. Ó ní bàtà òun ti gbó, ó ní kí n bá òun mú dúdú olókùn bọ̀, kí n má mú pupa, pé àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ló ń wọ pupa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá dé, a ó jọ rìn dé ìpẹ̀kun òpópónà."

Ìyàwó Gbohùngbohùn dorí kodò, ó ń tẹ́ etí aṣọ ibùsùn tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Mà á," ni nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́, "láti ìgbà tí mo ti ń wá síbí, mi ò tíì gbọ́ ohùn Bàbá rí."

"Ẹ ò lè gbọ́ ọ. Bàbá mi kì í bá àjèjì sọ̀rọ̀. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀."

Nọ́ọ̀sì yí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ti Gbohùngbohùn lẹ́nu ọ̀nà. Gbohùngbohùn sì rí i pé obìnrin yìí ti mọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Àǹtí pè bó ṣe máa ń pè, Gbohùngbohùn gbé fóònù sí Bàbá létí. Àǹtí kí i, kí i, Bàbá ń wo ògiri. "Bàbá, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?" Ẹkún ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin tó lè fi ẹnu gba mọ́tò lọ́wọ́ ọlọ́pàá kò lè fara da ẹkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti là, ohùn tó sì jáde kì í ṣe tirẹ̀. "Abẹ́rẹ́ Mi, mo ń gbọ́ ọ. Oorun ló ń kùn mí." Abẹ́rẹ́ Mi ni bàbá wọn ń pe Àǹtí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, torí pé ó tín-ín-rín, ó sì mú. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ó ń sunkún mọ́ ọn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ní òun máa ṣe é. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í bí ọmọ kan, ìbejì ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí Bàbá ṣe ń lọ sílẹ̀ lórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ló ń lókun sí i lórí fóònù, torí Gbohùngbohùn kò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ kékeré. Lórí fóònù, Bàbá ti ń rìn dé ẹnu géètì. Nígbà tó yá, ó ti ń bá rédíò jà. Nígbà tó tún yá, ó gun àkàbà lọ tún òrùlé ṣe, bí kì í bá sì ṣe pé ìyàwó Gbohùngbohùn fà á láṣọ lọ́jọ́ náà, Bàbá ì bá ti forúkọ sílẹ̀ fún eré ìje. Bí Àǹtí bá ní òun fẹ́ rí ojú rẹ̀, á gbọ́ pé ojú fóònù ti fọ́. Ìyẹn náà, irọ́ ni.

Ìyàwó rẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bàsíà omi lọ́wọ́, ó fi èjìká gbún un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Sọ fún un."

"Mò ń wá ibi tí mo máa gbà wọ̀ ọ́."

"Ẹnu ló ń gbà wọ̀ ọ́. Ìwọ tí o ní ẹnu mẹ́rìndínlógún, o ò wá rí ọ̀kan lò lónìí?"

"Tí mo bá sọ ọ́, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé."

"Tí o ò bá sọ ọ́, wọ́n á gbé Bàbá lọ kú sábẹ́ iná funfun láàárín àwọn tí ò mọ̀ ọ́n." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá, ìyẹn ló dẹ́rù bà á jù. "Ṣé o rántí ohun tí Bàbá sọ?"

Ó rántí. Nígbà tí iyè Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jò, ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Wọ́n ti de ọwọ́ ọ̀rẹ́ náà méjèèjì mọ́ irin ibùsùn kí ó má baà fa rọ́bà imú rẹ̀ yọ. Bàbá dé, kò jẹun. Àǹtí wà nílé nígbà náà, ó wá lo ìsinmi. Bàbá pe òun àti Gbohùngbohùn jókòó, ó ní, "Ọwọ́ télọ̀ kì í ṣe nǹkan dídè. Bí tèmi bá dé, inú yàrá mi ni kí ẹ jẹ́ kí n ti lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n so mí." Àwọn méjèèjì dáhùn pé àwọn ti gbọ́.

Ó padà wọ yàrá, ó wú ikọ́. "Àǹtí mi. Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọwọ́ dídè yẹn?"

"Mo rántí." Àǹtí kò wo ẹ̀yìn. Ó ti rí ohun tó ń wá nínú àpótí, ó ń tú bébà kúrò lára rẹ̀. "Ó ní bí tòun bá dé. Ta ló sọ fún ọ pé ó ti dé? Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dé, ṣé bàtà ló máa ń bèèrè?"

Bàtà náà jáde, dúdú olókùn, ó ń dán débi pé ènìyàn lè máa wojú nínú rẹ̀ gé irun. Ojú Gbohùngbohùn ṣú. Ó ti gbàgbé nǹkan kan, nǹkan tó jẹ́ pé alápárá bíi tirẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Lọ́jọ́ tí Bàbá orí fóònù ń bèèrè bàtà, nígbà tí Àǹtí bi í pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ nọ́ńbà mélòó báyìí, ọ̀kánjúwà gbá a mú, nọ́ńbà ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sọ. Ẹsẹ̀ Gbohùngbohùn, bí ó bá sùn, àwọn aládùúgbò a máa rò pé ẹnì kan ti fi ọkọ̀ ojú omi méjì sílẹ̀ sínú yàrá.

Àǹtí kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Ó ká aṣọ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ Bàbá, ó fi sínú bàtà. Ẹsẹ̀ náà jókòó sínú rẹ̀ bí ọmọ ológbò nínú àpò ìrẹsì. Àǹtí mi bàtà náà. Ó tún un mì.

"Ó ti rù," ló wí. "Ẹ wo bí ẹ ṣe jẹ́ kó rù. Títí dé ẹsẹ̀."

"Ọkọ mi," ni ìyàwó Gbohùngbohùn wí, bí ó ṣe máa ń pe àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀, "ẹsẹ̀ kì í rù báyẹn."

"Nígbà náà nọ́ńbà ni mo gbọ́ ṣì. Nọ́ńbà ni mo gbọ́ ṣì." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èkejì kéré ju àkọ́kọ́ lọ. Ó gbá bàtà mọ́ àyà.

Ibẹ̀ ni fèrè áńbúláǹsì ti wọ òpópónà. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ké lẹ́nu géètì, ó dákẹ́. Ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí. Wọ́n gbọ́ kẹ̀kẹ́ ibùsùn irin tó ń yí lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kọlu ògiri lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọkùnrin méjì wọlé, ọ̀kan gùn bí òpó iná, èkejì dé fìlà.

Onífìlà wo ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ̀gbọ́n Gbohùn? Ilé yín rè é? Ká ní a mọ̀ ni, à bá ti ní kí ẹ wá fi ohùn yín lé mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà fún wa. Fèrè wa ò tó tiyín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onífìlà rí ojú wọn, ó gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

"Òun nìyẹn," ni Àǹtí wí, ó nawọ́ sí ibùsùn. "Ẹ rọra gbé e."

Ọ̀gbẹ́ni Òpó-Iná lọ síbi orí, onífìlà lọ síbi ẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi aṣọ ibùsùn tó wà lábẹ́ Bàbá gbé e. Wọ́n ká etí rẹ̀ mọ́ ọwọ́, etí tí Bàbá fi ọ̀pọ̀ oṣù rán. Bàbá kérora, ìró kékeré kan báyìí, bíi ti ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì fi òróró sí.

"Ẹ dúró," ni Gbohùngbohùn wí.

Wọ́n dúró. Ohùn yẹn, bó bá ní kí odò dúró, odò á bèèrè pé títí di ìgbà wo.

"Àǹtí mi, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe Bàbá. Bàbá ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Èmi ni mo bèèrè bàtà. Nọ́ńbà tèmi nìyẹn."

Àǹtí wò ó. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ kan. "O tún ti dé. Lónìí pàápàá." Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin méjì náà bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. "Ẹ̀yin ò mọ ẹni yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ó fi ohùn ọkọ mi pè mí lórí fóònù, ó ní òun ò ṣe mọ́, òun ti rí ẹlòmíràn tó sanra. Omi ojú mi ṣan gbogbo pàǹkéèkì tí wọ́n fi kùn mí lójú lọ. Ẹni tó ṣe ìyẹn ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Kò fẹ́ kí n gbé Bàbá lọ ni, ó wá gbé irọ́ dí mi lọ́nà. Ẹ gbé e."

"Òótọ́ ló ń sọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ìyàwó rẹ̀ ni ọ́. Kí lo fẹ́ sọ?"

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Gbohùngbohùn nìyẹn: gbogbo ọdún ayé rẹ̀ ni wọ́n fi gba irọ́ rẹ̀ gbọ́, òótọ́ kan ṣoṣo tó ní kò rí oníbàárà. Òógùn ń ro tótó lára rẹ̀, bí wọ́n bá gbé kóróbá sábẹ́ rẹ̀ á kún.

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni," ni Àǹtí wí, ó ti sún mọ́ ọn, "ṣe é. Ṣe ohùn náà kí n gbọ́."

Gbohùngbohùn wo ibùsùn. "Àǹtí, níwájú ẹ̀?"

"Níwájú ẹ̀."

Yàtọ̀ sí ìgbà àkọ́kọ́, kò tíì ṣe é rí níbi tí Bàbá ti lè gbọ́. Láti ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, ilé ìdáná ló máa ń gbé fóònù lọ, á ti ilẹ̀kùn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ aṣọ ẹni tó ṣì ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ọ̀gbẹ́ni Òpó-Iná ti tún etí aṣọ ká mọ́ ọwọ́.

Ó wá ṣe é.

"Abẹ́rẹ́ Mi. Ṣé o ti jẹun? Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ yẹn kò tíì dá ọ lágara? Má ṣe mú pupa o, dúdú ni kí o mú."

Ó kún yàrá. Ohùn ọkùnrin arúgbó ni, ó há díẹ̀ níbi tí èéfín áyọ́ọ̀nù eléèédú ti há a láti ọjọ́ pípẹ́. Onífìlà ṣí fìlà rẹ̀ kíá, ó tẹrí ba sí ibùsùn, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Ẹ̀yìn ìyẹn ló rí i pé ẹnu arúgbó náà kò mì, ó sì fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri.

Nọ́ọ̀sì nìkan ló ń wo ọwọ́ Bàbá. "Ẹ wò ó," ló wí.

Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ti pàdé lórí etí aṣọ náà. Wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rọra fà á yọ bí ẹni ń fa òwú gígùn. Wọ́n sì dúró.

"Etí ló máa ń kẹ́yìn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ń gbọ́."

Àǹtí gbé bàtà kan sókè, ó là á mọ́ Gbohùngbohùn léjìká. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n bó ṣe dún, bí wọ́n bá ní wọ́n gbọ́ ọ ní ibùdókọ̀, a ò ní jiyàn. Gbohùngbohùn kò yẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun tí ẹgbẹ̀rún ọmọ ń bẹ̀rù, ó na ẹsẹ̀ bí ọmọdé.

Àwọn ọkùnrin méjì náà ń wo ara wọn. "Mà á," ni onífìlà wí, "ṣé ká gbé e, àbí ká má gbé e?"

Nọ́ọ̀sì lọ lóṣòó ti Àǹtí. Àǹtí bi í láìwò ó, "Bí wọn ò bá gbé e, kí la máa ṣe fún un?"

"A ó máa yí i padà kí ara rẹ̀ má baà dégbò. A ó máa fi òwú tútù nu ètè rẹ̀. Bí ìrora bá dé, mo ní oògùn tí mo máa kán sábẹ́ ahọ́n rẹ̀. A ó sì máa bá a sọ̀rọ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Iṣẹ́ ńlá ni, mà á."

Àǹtí nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí fún àwọn ọkùnrin náà, "ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀. Ẹ máa gbé ibùsùn yín lọ. Ẹ má bínú." Kẹ̀kẹ́ irin náà tún kọlu ògiri lọ́tùn-ún lósì jáde. Wọn ò fọn fèrè nígbà tí wọ́n ń lọ.

Ìyàwó Gbohùngbohùn gbé àga wá, Àǹtí jókòó sétí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án: ki òwú bọ omi, fún un, kí o wá fi kan ètè. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un ṣe. Ìgbà tó ṣe ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

"Gbohùn."

"Ẹ̀ẹ́n, Àǹtí mi."

"Lọ́jọ́ Àìkú tí mo sọ ìdí tí mi ò fi wá nígbà tí Màmá kú fún un lórí fóònù. Pé kì í ṣe pé mi ò rí ààyè gbà, ẹ̀rù ló bà mí. Pé kó dárí jì mí." Ó wo òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́. Mo sùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀."

Gbohùngbohùn wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Irọ́ tó dára mẹ́fà ló ti tò sí i lẹ́nu, wọ́n ń ti ara wọn bí èrò àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Kò mú ọ̀kan. "Èmi ni, Àǹtí."

"Ìwọ lo dárí jì mí."

"Èmi ni."

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Kò sí ẹni tó fún mi."

Ó rò pé bàtà kejì ń bọ̀, ó tilẹ̀ gbé èjìká síbi tó ti lè bá a dáadáa. Kò wá. Àǹtí ń wo Bàbá.

"Kò gbọ́ ọ̀kankan," ló wí. "Gbogbo ohun tí mo sọ. Kò gbọ́ ọ̀kankan."

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀," ni Gbohùngbohùn wí. "Mo lè sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ óò wá tún un sọ fún un. Nọ́ọ̀sì ní etí ṣì ṣí."

Àǹtí yíjú sí i. "O ò ní fi nǹkan kan kún un?"

"Mi ò ní fi nǹkan kan kún un."

"Kó o fi kún un wò." Ó ju bàtà méjèèjì síwájú rẹ̀. "Wọ bàtà rẹ, olè. Kó o wá jókòó síhìn-ín."

Ó wọ̀ ọ́. Ó bá a mu bí ẹni pé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rán an. Ó jókòó sí òdì kejì ibùsùn, ìyàwó rẹ̀ sì lọ pa fèrèsé dé díẹ̀ kí oòrùn má baà mú Bàbá lójú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́. Gbohùngbohùn á sọ ọ́ lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn tirẹ̀ gan-an, èyí tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ní: "Ẹ ní wọ́n ti tún òrùlé ilé-ìwé yín ṣe." Àǹtí á tẹ̀ sí Bàbá létí: "Bàbá, wọ́n ti tún òrùlé ilé-ìwé wa ṣe." "Ẹ ní orúnkún ń dùn yín." "Bàbá, orúnkún ń dùn mí. Mò ń dàgbà." Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀. Èémí Bàbá ń wọlé, ó ń jáde, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó padà, gbogbo wọn á dá ẹnu dúró títí á fi dé. Nọ́ọ̀sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kó máa lọ.

Wọ́n dé ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń bẹ̀rù. Gbohùngbohùn la ẹnu. Àǹtí ní, "Èyí, mo mọ̀ ọ́n. Má sọ ọ́." Ó gbé ọwọ́ Bàbá sí àárín ọwọ́ tirẹ̀, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni. Nígbà tí Màmá kú, mi ò wá. Mo purọ́ pé iṣẹ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ dárí jì mí."

Ó dúró. Ojú rẹ̀ wà lójú Bàbá, ó ń wo ẹnu náà, ó ń wo ìka náà. Èémí jáde, ó sì pẹ́ lójú ọ̀nà.

Gbohùngbohùn gbọ́ ohùn náà tó ń gòkè bọ̀ láti inú rẹ̀. Kò pè é. Ó ti dé àyà, ó ti dé ọ̀fun, ó gbóná, ó péye, ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ: Abẹ́rẹ́ Mi, mo ti dárí jì ọ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ojú Àǹtí kò ní gbẹ omi kó tó rẹ́rìn-ín. Ó di etí àga mú. Ó di ètè mọ́ra wọn bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán lẹ́nu, ó sì gbé ohùn náà mì padà, ó korò, ó tóbi, ó ń há a lọ sísàlẹ̀.

Èémí Bàbá padà dé. Kò mú ọ̀rọ̀ kankan bọ̀.

Àǹtí dúró títí tó fi rí i pé kò sí nǹkan mìíràn tó ń bọ̀. Ó fa etí aṣọ ibùsùn, ó fi sí abẹ́ àtàǹpàkò Bàbá. Ó ki òwú bọ omi, ó fún un, ó fi kan ètè rẹ̀.

"Ó dáa, Bàbá," ló wí. "Mo ti sọ tèmi."

Ó gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀. "Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Kí ni mo sọ?"